Owó Orí Ilé tí Mi Ò Gbé

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n tó máa ṣe ojú àánú: ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi. Kò sí ọ̀tá nílé, kò sí àjẹ́ lóko. Ẹnu mi ni mo fi ta ìyá mi lọ́rẹ, ọwọ́ mi ni mo fi kọ orúkọ mi sí báńkì, nǹkan méjèèjì yìí ló para pọ̀ sọ mí di onígbèsè nílùú òyìnbó.

Ọdún mẹ́rìnlá rèé tí mo ti kúrò ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mi ò ní sọ bí mo ṣe rin ìrìn náà. Ẹni tó ti rìn ín mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò rìn ín rí á ní mo ń parọ́. Gbogbo ènìyàn ló ti sọ fún mi pé òtútù á pa mí, mo sì ti ra ẹ̀wù sílẹ̀ dè é. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé wọn kì í kí ènìyàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo sì kí gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Obìnrin kan gbé báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Mo jókòó, mo ń wo bàtà mi, mo ń bi ara mi pé kí ni mo ṣe fún wọn. Nílé wa, bí o bá kọjá níwájú àgbà láìkí i, kó tó di ọ̀sán wọ́n á ti fẹjọ́ rẹ sun ìyá rẹ.

Iṣẹ́ tí mo rí ni iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Tíṣà ni mí nílé o, wọ́n ń pè mí ní "Àǹtí" láti Òkè-Àgbò dé Ilaporu. Mo dé ìlú òyìnbó, mo di ẹni tó ń nu ìdí àgbàlagbà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wẹ bàbá kan, mo sunkún nínú ilé ìwẹ̀ wọn. Bàbá náà rò pé òun lòun ṣẹ̀ mí, ó ń bẹ̀ mí. Kì í ṣe òun. Ìyá mi ni mo rántí, tí orúnkún ń dùn, tó ń dá wẹ̀ nínú balùwẹ̀ ìdí kànga, tí kò sẹ́ni tó di apá rẹ̀ mú, tí èmi ọmọ rẹ̀ wá ń di apá bàbá oníbàbá mú.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni èmi àti ìyá mi máa ń sọ̀rọ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti kírun. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló ń sọ. Èmi ni mo ń tún un sọ báyìí kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ kì í yí padà.

"Kí lo jẹ?"

"Ìkọ́kọrẹ́ ni, Màámi."

"Ìkọ́kọrẹ́! Níbo lo ti rí ewùrà?"

"Wọ́n ń tà á níbí."

"Ta ló bá ọ rin ín?"

"Èmi ni mo rin ín."

"Ìwọ tí o kì í fẹ́ kí ewùrà kan ọ lọ́wọ́ kó má baà yún ọ. Pa irọ́ míràn, ọmọ mi, èyí kò jinná."

Búrẹ́dì ni mo jẹ. A máa rẹ́rìn-ín títí owó inú fóònù á fi tán. Lẹ́yìn ìyẹn yàrá á pa rọ́rọ́, màá sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, tí mi ò mọ ohun tó kàn.

Ọdún kẹrin ni mo ra ilẹ̀ kan ní Àgọ́-Ìwòyè, lójú ọ̀nà tó wá láti Awà. Bọ̀dá mi Ràsákì, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ló dúró ti àwọn bíríkìlà. Oṣù kan wà tí búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá péré ni agbára mi ká. Mo ń jẹ búrẹ́dì, ilé ń ga. Nígbà tó parí, yàrá mẹ́jọ ló wà lẹ́yìn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, fúláàtì kan sì wà níwájú tí ìyá mi kó wọ̀. Mo ní kí wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún èmi náà nínú fúláàtì yẹn, fún ìgbà tí mo bá wálé Iléyá. Mo fi àwòrán ilé náà han bàbá tí mo ń wẹ̀. Ó ní òun náà ní ọ̀kan ní Sípéènì, ilé ìsinmi, ibi tí òun ti ń lọ yá oòrùn, tí òun sì ń fi háyà bí òun kò bá sí níbẹ̀. Ó wo àwòrán náà dáadáa, ó ní, "Tìẹ náà rèé." Inú mi dùn débi pé mo foríjì í fún gbogbo tíì tó ti dà sí mi lára.

Ọjọ́ ìṣílé, mi ò lè lọ. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, bí mo bá jáde mi ò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́. Wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì ní àárín àwọn ènìyàn, wọ́n sì jẹ́ kó máa pariwo kí gbogbo ẹbí lè gbọ́ mi. Àáfáà àdúgbò wa ṣe àdúà, ó ní kí onílé sọ̀rọ̀. Èmi onílé wà nínú aṣọ iṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdalẹ̀nù, ní àkókò ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mo ní, "Ẹ̀yin ẹbí mi, ilé yìí, èmi ni mo ni ín. Àmọ́ èrè rẹ̀, gbogbo owó tí ayálégbé bá san síbẹ̀, mo fi ta ìyá mi lọ́rẹ títí ọjọ́ tí Ọlọ́run bá pè wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá wọn pín in."

Wọ́n hó yèè. Alihamudulilahi gba gbogbo fóònù. Bọ̀dá Ràsákì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé etí gèlè ni ìyá mi fi nu ojú. Àáfáà ní, "A gbọ́, Ọlọ́run náà gbọ́." Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ó parí nìyẹn. Ta ló ń kọ ìwé fún ìyá tó bí i lọ́mọ?

Owó náà ní láti gba báńkì kọjá, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í mú owó lọ́wọ́ wá mọ́. Ìyá mi kò mọ báńkì. Bí mo bá fi sórúkọ Bọ̀dá Ràsákì, àwọn ọmọ ìyàwó kejì bàbá wa á ní ó ń jẹ owó ìyá rẹ̀. Bí mo bá fi sórúkọ ẹlòmíràn, òun náà á bínú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo wálé Iléyá, lẹ́yìn tí ìwé ìgbélùú mi ti jáde, ni mo fi ọ̀rọ̀ náà sí ibi tí mo rò pé ìjà kò lè dé: mo ṣí àkáǹtì náà lórúkọ ara mi. Ẹni tí kò sí nílé, ta ló máa ní ó jẹ owó? Bọ̀dá Ràsákì ń fi káàdì gbà á jáde, ó ń kó o fún Màámi láti ra oògùn àti oúnjẹ. Ọmọbìnrin báńkì béèrè ibi tí mo ń gbé. Mo lè sọ pé Òkè-Àgbò. Àmọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, àwọn ènìyàn sì wà lẹ́yìn mi lórí ìlà tí wọ́n ń gbọ́. Mo fọhùn sókè, mo ka àdírẹ́sì ìlú òyìnbó fún un, títí kan nọ́ńbà ilé. Mo tún ní kó kà á padà fún mi.

Ọdún tó kọjá ni lẹ́tà kan já bọ́ láti ẹnu ọ̀nà mi. Ọ́fíìsì owó orí ló kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé owó kan ń wọlé fún mi lókè òkun, pé ṣé mo ti san owó orí rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín gan-an. Lókè òkun kẹ̀? Ibi tí mo wà yìí kọ́ ni òkè òkun ni? Mo ní àwọn oníjìbìtì ni, mo sì tì í sábẹ́ àpò ìrẹsì. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, èkejì wá. Wọ́n kọ nọ́ńbà àkáǹtì náà sínú rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ mi pé pérépéré, orúkọ bàbá mi náà wà níbẹ̀. Àṣé báńkì ilé ló fi ránṣẹ́ sí wọn, nítorí àdírẹ́sì ìlú òyìnbó tí mo kà fún wọn. Orí àga ni mo wà títí àkókò iṣẹ́ fi kọjá.

Wọ́n júwe ọmọ Yorùbá kan fún mi, Túndé, ọmọ Èkìtì, tó ń ṣe iṣẹ́ akáńtáǹtì nílùú tí mo wà. Ọmọ dáadáa ni, ẹnu rẹ̀ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi epo pa ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ni ilé?"

"Èmi ni."

"Ta ló ni àkáǹtì?"

"Èmi ni, ṣùgbọ́n owó náà, ti ìyá mi ni. Mo ti fi ta wọ́n lọ́rẹ."

"Ìwé ẹ̀ ńkọ́?"

"Ìwé bí ti báwo? Àáfáà gbọ́."

Túndé yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ibi tí mo fẹ́ kọ Àáfáà sí nínú fọ́ọ̀mù yìí. Ilé tiyín ni, èrè rẹ̀ tiyín ni. Bí ẹ bá kó o fún ìyá yín, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín. Lójú tiwọn, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbà á, lẹ́yìn náà lẹ wá fi ṣàánú."

"Túndé, mi ò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ níbẹ̀ rí."

"Mo gbà yín gbọ́. Àwọn ni kò ní gbà." Ó ní kí n mú rìsíìtì wá, gbogbo ohun tí a fi tún ilé náà ṣe, kí òun lè yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Mo pe Bọ̀dá Ràsákì. Bọ̀dá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kápẹ́ńtà wo ló ń já rìsíìtì fúnni ní Àgọ́, pé ẹni tó tún páìpù ṣe gan-an kò mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Túndé ní kí n mú ìwé owó orí tí a san nílé wá, pé ìyẹn náà lè dín in kù. Kò sẹ́ni tó béèrè owó orí lọ́wọ́ wa rí, àwa náà kò sì wá wọn lọ.

Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ṣírò. Ọdún kọ̀ọ̀kan, bí náírà ṣe rí lọ́dún náà ni wọ́n ṣe ṣẹ́ ẹ sí pọ́n-ùn, nígbà tí náírà ṣì ní ojú àti imú. Wọ́n fi èlé lé e, wọ́n fi owó ìtanràn lé e nítorí lẹ́tà tí mo tì sábẹ́ ìrẹsì. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún pọ́n-ùn. Owó tí ìyá mi ti fi ra oògùn ìfúnpá, tó ti fi ra àgbò Iléyá, tó ti yà sọ́tọ̀ fún sàárà! Wọ́n ní kí n wá san án. Bí mo bá ní kí wọ́n fi owó ilé nìkan san án, pẹ̀lú bí náírà ṣe dà yìí, ìyá mi kò ní rí kọ́bọ̀ kan gbà nínú rẹ̀ títí tí Ọlọ́run á fi pè é. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó yẹn ló ń jẹ, kò ní òmíràn.

Bọ̀dá Ràsákì ní kí n má ba ọkàn mi jẹ́. Ó ní òun mọ lọ́yà kan tó lè kọ ìwé pé Màámi ni mo kọ́ ilé náà fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi ọjọ́ àtijọ́ sí i, Àáfáà á fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ó tán. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ká a mọ́ mi lọ́wọ́, wọ́n lè lé mi kúrò nílùú wọn. Mo ní kó máa bá a lọ. Mi ò fi bò.

Àáfáà fúnra rẹ̀ ló pè mí. Ọkùnrin yìí ló kọ́ mi ní Fátíà ní kékeré.

Ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí mo gbọ́ ni mo lè jẹ́rìí sí. Mo gbọ́ pé o ta ìyá rẹ lọ́rẹ èrè ilé. Mi ò gbọ́ pé o fún un ní ilé. Ẹnu rẹ ni o fi sọ pé ìwọ lo ni ín."

"Àáfáà, wọ́n fẹ́ ba ayé mi jẹ́ níbí."

"Mo ń bá ọ tọrọ ààbò. Ṣùgbọ́n èmi náà ń lọ bá Ọlọ́run láìpẹ́." Ó tún ní, "Èrè náà ńkọ́, ṣé o fẹ́ gbà á padà ni?"

Ó rán mi létí ohun tí Ànábì sọ, pé ẹni tó fúnni lẹ́bùn tó tún gbà á padà, bí ajá tó padà síbi èébì rẹ̀ ni. Mo pa fóònù dé e. Mo pa fóònù dé àgbàlagbà, èmi tí mo kí odidi bọ́ọ̀sì. Kò sí ọjọ́ tí ojú kì í tì mí bí mo bá rántí.

Nílé, wọ́n ń pè mí ní ará òyìnbó. Bí wọ́n bá ń ṣèpàdé ẹbí lórí ilẹ̀, wọn kì í pè mí, wọ́n ní mi ò sí nílé. Bí òrùlé mọ́ṣáláṣí bá ṣí, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè. Ní ìlú tí mo wà yìí, mi ò lẹ́nu láti bi ará ìsàlẹ̀ ilé mi pé kí ló dé tó ń lu ògiri, torí wọ́n á ní kí n padà síbi tí mo ti wá. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì owó orí mọ ibi tí mo ti wá ju ẹnikẹ́ni lọ, wọ́n mọ̀ ọ́n dé yàrá kẹjọ. Mo wá rí i pé ibi méjèèjì ló ń kà mí mọ́ ara wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbà.

Mo pinnu pé mi ò ní fọwọ́ kan owó Màámi. Mo bẹ àwọn olówó orí, wọ́n gbà kí n máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Mo gba iṣẹ́ kún iṣẹ́. Mo ń gbé arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé méjì lójúmọ́. Oṣù karùn-ún, bí mo ṣe ń gbé ìyá kan báyìí, nǹkan já nínú ẹ̀yìn mi. Mi ò jẹ́ kí ìyá náà ṣubú, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Dókítà ní kí n má gbé nǹkan tó wúwo fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kí ni mo fẹ́ wá máa gbé, ṣíbí? Owó iṣẹ́ dín kù. Gbèsè tí mo ń san lóṣooṣù kò sì yé dé.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan ni mo sọ fún Màámi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí.

Ó ní, "Wọ́n ní ta ló jẹ owó náà?"

"Wọ́n ní èmi ni."

"Àbí o ò sọ fún wọn pé èmi ni?"

"Mo sọ, Màámi."

"Ṣé wọ́n á tì ọ́ mọ́lé?"

"Wọn ò ní tì mí mọ́lé. Wọ́n kàn fẹ́ gba owó ni."

"O ò gbọdọ̀ gba ohun tí o fún mi padà. Èèwọ̀ ni." Mo gbọ́ tó ń mí. "Èmi ni màá fi fún ọ. Ẹ̀bùn tèmi nìyẹn, ìyẹn kì í ṣe èèwọ̀."

Mo ní rárá. Mo pariwo mọ́ ọn pé rárá, pé kí ló fẹ́ jẹ, pé mi ò bí ara mi. Ó ní ó dáa, òun ti gbọ́. Ó bi mí ohun tí mo jẹ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Bọ̀dá Ràsákì pè. Ohùn rẹ̀ kò dá ṣáká.

"Àbúrò mi, a ti rí ẹni tó gba fúláàtì iwájú. Olùkọ́ yunifásítì ni, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó san owó ọdún méjì."

"Fúláàtì iwájú wo? Ibo ni Màámi wà?"

"Wọ́n ti kó padà sí Òkè-Àgbò. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Mo fi ilé mi lọ̀ wọ́n, wọ́n ní àwọn kò lè wá fún ìyàwó mi mọ́ yàrá. Àwọn ni wọ́n wá ayálégbé náà fúnra wọn. Wọ́n ní kí n fi gbogbo owó náà ránṣẹ́ sí ọ, kí n má yọ kọ́bọ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òkè-Àgbò tó ń wí, ilé alámọ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ni, tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, tí ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé lórí òkúta gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Owó náà dé. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́ ẹ sí pọ́n-ùn, oṣù mẹ́rin ló san nínú gbèsè náà. Odidi fúláàtì, yàrá tèmi wà nínú rẹ̀, oṣù mẹ́rin.

Mo sọ fún Túndé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Èyí náà, ẹ ní láti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ọdún yìí. Owó ilé náà ni."

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn, mo pe ìyá mi. Ó fi ayọ̀ gbé e. Ó ní ilé ọkọ òun ni òun wà, ta ló lé òun? Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń wá kí òun láàárọ̀ láálẹ́, pé ní Àgọ́ lọ́hùn-ún ariwo orin àwọn ọmọ yunifásítì kì í jẹ́ kí òun gbọ́ ìpè ìrun. Ó ń parọ́ fún mi, bí èmi náà ṣe ń parọ́ ìkọ́kọrẹ́ fún un. Mo gbọ́ bó ṣe ń dìde, bó ṣe ń pa ìrora orúnkún mọ́ra.

Ó ní, "Owó náà dé ọwọ́ rẹ?"

"Ó dé, Màámi. Ẹ ṣeun."

"Ó tán báyìí? Wọ́n á fi ọ́ sílẹ̀?"

Mo lè parọ́. Ó rẹ̀ mí. Mo ní, "Kò tíì tán. Wọ́n á gba owó orí lórí èyí tó ti yàrá yín wá náà."

Kò bínú. Ó rẹ òun náà ni.

"Kí wọ́n máa gbà á nígbà náà. Èmi ò tọrọ nǹkan míràn mọ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí ọjọ́ mi bá pé, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí o ráyè wá, kí o fọwọ́ ara rẹ wẹ̀ mí, kí wọ́n tó gbé mi lọ sin."

Mo ní, "Àmín, Màámi."

Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú sùn. Bí ẹ̀mí bá bọ́ láàárọ̀, ọ̀sán ni wọ́n á sin ín. Láti ibi tí mo wà yìí dé Òkè-Àgbò, bí mo bá tilẹ̀ rí owó ọkọ̀ òfurufú lójú ẹsẹ̀, ọjọ́ méjì ni. Ìyá mi mọ̀. Òun náà ní àmín, ó sì bi mí ohun tí mo jẹ.